Ríra Aṣọ Lásìkò Ẹ̀dínwó: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé Àgbẹ̀

Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni owó kòkó sábà máa ń wọlé. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn onísọ̀ ní Gbági àti Aléṣinlọ́yẹ́ nílùú Ìbàdàn, àti ní Balógun nílùú Èkó, máa ń lẹ ìwé ẹ̀dínwó mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí àwọn tó ń tajà lórí fóònù náà á máa pariwo Black Friday, ìyẹn ọjà ẹ̀dínwó ìparí oṣù Kọkànlá. Ẹni tó ń tajà mọ ìgbà tí owó ń bẹ lápò oníbàárà. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n yọ. Ẹ wo iye tí aṣọ náà máa ná yín títí tó fi máa dé ọrùn yín.

Ìṣirò kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ tú àpótí aṣọ wò ná. Aṣọ iléèwé ta ló ti há? Èwo ló jẹ́ pé sípù tuntun nìkan ló ń fẹ́? Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣírò owó télọ̀, aṣọ ìtẹ́nú àti owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ká ní ẹ̀dínwó orí aṣọ méjì jẹ́ ₦4,000, tí ọkọ̀ láti abúlé yín dé Ìbàdàn, àlọ àtàbọ̀, sì jẹ́ ₦5,000. Ẹ ti pàdánù ₦1,000, ẹ ò sì tíì ra omi mu.

Ó sàn kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí àwọn ìyá àdúgbò da owó jọ, kí wọ́n rán ẹnì kan tó mọ ọjà ná. Ọ̀pọ̀ onísọ̀ ní Balógun ló ń ta dọ́sìnnì ní iye tó dín sí ti ẹyọ. Ìdílé kan ò ní ohun tó fẹ́ fi méjìlá ṣe, àmọ́ ìdílé méjìlá lè pín in.

Ìgbà tí owó aṣọ máa ń wálẹ̀ ní tòótọ́

Onísọ̀ lè kọ ₦20,000 sára aṣọ, kó fa ìlà gùn ún, kó kọ ₦14,000 sábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ₦14,000 náà ló ń tà á láti oṣù Kẹjọ. Ẹ béèrè iye aṣọ nígbà tí ẹ ò tíì fẹ́ rà á, kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Ẹni tó bá mọ iye ti àná ni wọn ò lè fi ti òní tàn jẹ.

Lẹ́yìn ọdún ni ọjà máa ń dákẹ́. Ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì, onísọ̀ tí ọjà kù sí lọ́wọ́ á gbà kí ẹ ná an dáadáa, télọ̀ náà á sì ráyè gbọ́ tiyín. Aṣọ tí ẹ bá rà nígbà náà lè jẹ́ ti Iléyá, torí Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ: ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí ní 2025. Ní ti aṣọ iléèwé, ìparí oṣù Keje ló dára, kí ìwọlé oṣù Kẹsàn-án tó sọ gbogbo òbí di ẹni tó ń sáré. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ má wọ tuntun lọ́jọ́ Kérésì o. Ẹ kàn tètè rà á ni.

Yíyẹ aṣọ wò

Ẹ yí ẹ̀yìn àńkárá wò. Tí àwọ̀ inú bá ṣá gan-an ju ti ojú lọ, ojú kan ni wọ́n tẹ̀. Ẹ fi omi rin áńkáṣíìfù funfun, kí ẹ fi nu igun aṣọ náà. Bí àwọ̀ bá gbà á, á gba àwọn aṣọ yòókù nínú báàfù náà. Ẹ fa òwú kan yọ, kí ẹ tanná ràn án: òwú gidi máa ń rùn bíi bébà tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́, pọlisítà máa ń yọ́ ni, á sì di kókó líle. Ẹ má gbàgbé tépù. Íńṣì 36 ni yáàdì kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní yáàdì mẹ́fà kọ́ ló pé mẹ́fà.

Ní Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta, ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè wà láàárín ojúlówó àdìrẹ. Àmì tí a fi ọwọ́ ṣe kì í bára mu régírégí. Èyí tó bá rí bákan náà láti etí dé etí, ẹ fura sí i.

Ní ti òkìríkà, ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ wo abíyá, ọrùn àti àárín itan. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Àwọ̀tẹ́lẹ̀, ẹ má rà á ní òkìríkà rárá.

Àwìn àti dídá ọjà padà

Láyé àtijọ́, àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà máa ń ta aṣọ láwìn, wọn á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó wọn á fi pé. Lóde òní, áàpù ayánilówó ló ń pe ìyàwó, àna àti pásítọ̀ yín. Ẹ má yáwó nítorí ẹ̀dínwó. Èlé lè ju iye tí wọ́n yọ lọ.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín láṣẹ láti dá aṣọ tó lábùkù padà, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn kì í gba ọjà padà. FCCPC ni àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ nílò rìsíìtì. Níbi tí wọn kì í ti í kọ rìsíìtì, ẹ gba nọ́ńbà onísọ̀, ẹ ya fọ́tò ìsọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wọ aṣọ náà wò lọ́jọ́ tí ẹ bá délé, kó má jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ọdún lẹ máa mọ̀ pé orí ọmọ ò kọjá lọ́rùn ẹ̀.