Bẹ́ ẹ ṣe máa lọ Kenwood House àti Hampstead Heath lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí orúnkún màmá ò ní pariwo

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní London, tí màmá bá ti Nàìjíríà dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni màmá mi lò lọ́dọ̀ mi lọ́dún kan, báàgì ọjà la ń gbé kiri ṣáá, ó wá ku ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n padà kí n tó rántí pé ilé ńlá kan wà lókè Hampstead tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, tí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan sì dàgbà sínú ẹ̀ láyé tí wọ́n ṣì ń ta èèyàn bí ẹni ta iṣu. Kenwood House lorúkọ ẹ̀. Nínú gbogbo ibi tá a lọ, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣì ń bi mí léèrè ẹ̀ lórí fóònù.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ wo aago, mi ò ṣàwàdà. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, jọ̀lọ́ọ̀fù ò tètè jinná, aago méjì kọjá ká tó kúrò nílé, tíréènì tún fi wá ṣeré, ìgbà tá a máa fi dé 'bẹ̀ wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Inú Hampstead Heath, pápá ńlá tó yí ilé náà ká, la ti jẹ ráìsì ọ̀ún, à ń wo ilé lókèèrè bí ẹni tó wá sin gbèsè. Ìgbà kejì tá a padà lọ la tó wọlé. Torí náà, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wo wẹ́bùsáìtì English Heritage, àwọn ló ń bójú tó ilé yẹn láti 1986, aago tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì máa ń yàtọ̀ nígbà òtútù sí ìgbà ooru, wọ́n sì máa ń tì í nígbà Kérésì. Ilé máa ń tètè tì ju pápá lọ, ẹ fi sọ́kàn. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Àpótí wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ju nǹkan sí i, ẹnikẹ́ni ò ní dì yín lọ́wọ́ mú.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà débẹ̀ wá kù sọ́wọ́ orúnkún. Tẹ́ ẹ bá mú àgbàlagbà dání, bọ́ọ̀sì 210 ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ lè wọ̀ ọ́ ní Golders Green, Archway tàbí Finsbury Park, Hampstead Lane tó máa já yín sí ò jìnnà sí géètì rárá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni, ẹ wọ tíréènì Overground dé Hampstead Heath tàbí Gospel Oak kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ la pápá já, ó dùn gan-an. Àwọn kan máa ní ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Hampstead ti Northern line, ìyẹn náà dáa, àmọ́ ibẹ̀ ló jìn wọlẹ̀ jù nínú gbogbo ibùdókọ̀ Tube, tíréènì abẹ́ ilẹ̀ London, ẹ wọ lífìtì o, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 300, ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé òun ṣì lágbára kó máa gùn ún lọ, a máa bá a lókè. Mọ́tò? Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, owó ni, bí oòrùn bá sì ràn lọ́jọ́ Sunday ẹ máa yí títí ni.

Tẹ́ ẹ bá wọ géètì, igi ló máa kọ́kọ́ bo gbogbo nǹkan, ẹ máa rò pé ẹ ti ṣìnà ni, àfìgbà tí ilé funfun báláú bá yọ sí yín pẹ̀lú àwọn òpó gìrìwò níwájú. Ẹ má tíì wọlé. Ẹ yí lọ sẹ́yìn ẹ̀ ná, torí ẹ̀yìn ilé yẹn lẹwà ju iwájú lọ: koríko ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ títí dé adágún omi, bíríjì funfun kan sì wà ní ìpẹ̀kun adágún. Bíríjì yẹn, irọ́ ni. Pákó lásán ni wọ́n gbé síbẹ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà, kó lè wuni láti ojú wíńdò ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á kọjá. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Owó wà lọ́wọ́ wọn o, wọ́n fi ń kọ́ irọ́."

Ó yá, ẹ wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbé báàgì sẹ́yìn, ẹ gbé e síwájú, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ẹ má tan fìláàṣì. Ẹ má sì gbìyànjú láti wo gbogbo ẹ̀, ojú á kàn wú yín lásán. Ibi mẹ́ta ni mo máa ń mú èèyàn lọ.

Láìbírì ló ṣáájú. William Murray, tí wọ́n ń pè ní Lord Mansfield, adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ra ilé yìí ní 1754, ó wá gba Robert Adam tó ń ya àwòrán ilé láti tún un kọ́, iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1764, ó sì dé 1779. Ẹ dúró láàárín yàrá kẹ́ ẹ gbójú sókè: òkè ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí inú àgbá tí wọ́n là sí méjì, búlúù àti píǹkì àti funfun, àwòrán wẹ́wẹ́ kún inú ẹ̀. Ẹ wá wo ògiri tó kọjú sí wíńdò, dígí ni wọ́n fi síbẹ̀, ìyẹn ni pápá ìta fi wọnú ilé wá bá yín.

Ìkejì ni Dido, òun gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí. Dido Elizabeth Belle, wọ́n bí i ní 1761, Maria Belle ìyá ẹ̀ jẹ́ ẹrú, bàbá ẹ̀ John Lindsay jẹ́ ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi, Mansfield sì ni arákùnrin ìyá bàbá ẹ̀. Kenwood ló dàgbà sí pẹ̀lú Elizabeth Murray, ìbátan ẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó. Ó ń bójú tó màlúù tí wọ́n ń fún wàrà àti adìyẹ, ó tún ń bá Mansfield kọ lẹ́tà nígbà tó dàgbà. Ṣùgbọ́n àlejò kan tó jẹun níbẹ̀ ní 1779 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yìn oúnjẹ ni Dido tó wọlé wá bá àwọn obìnrin yòókù jókòó nídìí kọfí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ilé mọ̀lẹ́bí rí, ṣé ó yé yín? Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kó gbàgbé. Mansfield yìí kan náà ló dájọ́ ẹrú kan tó ń jẹ́ James Somerset ní 1772, pé ọ̀gá ẹ̀ ò láṣẹ láti fipá gbé e kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tà. Nínú ìwé ìhágún ẹ̀, ó kọ ọ́ pé Dido kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, ó fi £500 sílẹ̀ fún un pẹ̀lú £100 lọ́dọọdún. Pé ó nílò kó kọ ọ́ sílẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Àwòrán òun àti Elizabeth, ojúlówó ẹ̀ wà ní Scone Palace ní Scotland, ẹ̀dà ni ti Kenwood, ẹ bi àwọn tó ń ṣọ́ ilé kí wọ́n júwe ẹ̀ fún yín. Dido wé nǹkan sórí tí ìyẹ́ ẹyẹ wà lára ẹ̀, èso wà lọ́wọ́ ẹ̀ kan, ó fi ìka ọwọ́ kejì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó mọ ohun tẹ́nì kan ò mọ̀. Màmá mi sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi." Wọn ò sọ nǹkan míì.

Ìkẹta ni àwọn àwòrán. Edward Cecil Guinness ló kó wọn jọ, Guinness tó wà lára ìgò yẹn náà ni, ilé iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀ ní Ìkẹjà láti 1962. Ó ra Kenwood ní 1925, ó kú ní 1927, ó fi ilé àti àwòrán sílẹ̀ fún gbogbo ìlú, wọ́n sì ṣí i ní 1928. Ẹ wo àwòrán tí Rembrandt ya ara ẹ̀ nígbà tó ti dàgbà, ẹ̀yìn ẹ̀ ní òbìrìkìtì méjì, imú pupa, kò bojú wẹ̀yìn. Ẹ wá wo àwòrán tí Vermeer ya, ọmọbìnrin tó ń ta gìtá. Olè fọ́ wíńdò gbé ìyẹn lọ ní 1974, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti rí i, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín.

Ebi á ti máa pa yín. Káàfẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ilé ìtọ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ lò ó kẹ́ ẹ tó wọ pápá lọ. Èmi o, kúlà ni mò ń gbé, mo tẹ́ aṣọ sórí koríko. Dídáná ò sí láàyè lórí Heath, ẹ yan súyà yín nílé. Ajá pọ̀ níbẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe pọ̀ ní Ìbàdàn o, ọ̀kan ki imú bọ kúlà wa, olówó ẹ̀ ń pariwo lókèèrè pé kò ní bù wá jẹ, ṣíbí ìbùràìsì ti wà lókè lọ́wọ́ màmá mi bí àdá.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ rìn lọ sí Parliament Hill, ìrìn bí ìdajì wákàtí. Ẹ má wọ bàtà gogoro, ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ tójò bá rọ̀. Heath yìí lé ní 300 hẹ́kítà, ẹni tó ni ín láyé ọjọ́un fẹ́ kọ́lé sórí ẹ̀, àwọn ará àdúgbò bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin 1871 ló sọ ọ́ di ti gbogbo èèyàn. Ti ẹ̀gbẹ́ Kenwood náà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn aráàlú ló dáwó jọ ra ilẹ̀ kí àwọn tó ń kọ́lé tà tó gbà á. Orí òkè yẹn, mítà 98, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's àti ilé gogoro Shard kedere, àwọn ọmọdé máa ń ju káìtì níbẹ̀, ẹ mú ọ̀kan dání.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sọ̀ sí ọwọ́ Gospel Oak, ẹ wọ tíréènì. Ká tó dé Highbury, màmá mi ti sùn lọ, kúlà òfìfo lórí ẹsẹ̀ wọn.