Bí A Ṣe Ń Yanjú Ìṣirò Ìdá Tí Wọ́n Fi Ọ̀rọ̀ Bèèrè

Ọmọ tó ń ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3 lórí pátákó láìṣì lè dákẹ́ lọ gbári bí wọ́n bá ní ẹnì kan ra ìdajì kóńgò ẹ̀wà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, tó tún padà lọ ra ìdámẹ́ta kóńgò sí i. Ìṣirò kan náà ni. Kíkà ìbéèrè ló ń dá wọn dúró, nítorí náà ibẹ̀ la ó ti pẹ́ jù.

Ẹ mú pẹ́ńsù àti ìrésà, ẹ gbàgbé báírò. Ẹ fi rúlà wọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12, kí ẹ gé e. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 6, ìdámẹ́ta jẹ́ 4, ìdámẹ́rin jẹ́ 3, ìdámẹ́fà jẹ́ 2. Ó sàn ju búrẹ́dì roboto tí wọ́n máa ń yà sínú ìwé lọ, torí ọmọdé kì í lè pín ohun roboto sí mẹ́ta kó dọ́gba. Bí ìdámárùn-ún bá wọ ọ̀rọ̀, ẹ lo rúlà 30 fúnra rẹ̀: ìdámárùn-ún rẹ̀ jẹ́ 6.

1. Ẹ bèèrè pé, "ìdá kí ni?"

Ẹ ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ fa ìlà sábẹ́ ìdá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ ìdá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fo èyí, bí ìbéèrè náà tilẹ̀ rọrùn lójú yín.

Ìdí rèé. Aládìrẹ kan ní aṣọ funfun ọ̀pá 6, ó sì fi ọ̀pá 1 1/2 ṣe àdìrẹ. Bí ìbéèrè bá ní ó wá fún ọmọ rẹ̀ ní "1/3 ọ̀pá", ẹ yọ 1/3 kúrò lára 4 1/2, ó ku ọ̀pá 4 1/6. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ó fún un ní "1/3 èyí tó kù", ọ̀pá 4 1/2 yẹn la ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 1/2, ó sì ku ọ̀pá 3. Ẹni tó bá yọ 1/3 lásán níbi méjèèjì ti ṣi èkejì fi ju ọ̀pá kan lọ.

Bí ẹ bá ń ka ìbéèrè sókè fún ọmọ, ẹ rọra pè é. Ìdámẹ́ta ni 1/3, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ni 3/5. Ọmọ tó bá yára gbọ́ "ìdá mẹ́ta" ti kọ 1/3 sílẹ̀ kí ẹ tó parí gbólóhùn.

Ẹ má sì kọ́ ọmọ pé "kù" ni yíyọ kúrò. Ẹnì kan ta 3/4 kóńgò gàrí, ó wá ku 2 1/2 kóńgò. Mélòó ló gbé wá sọ́jà? Ọ̀rọ̀ "kù" wà níbẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ ríròpọ̀ ni: 2 2/4 + 3/4 = 2 5/4, ìyẹn 3 1/4. Ohun tí ẹ fi máa mọ̀ ni pé èyí tó gbé wá gbọ́dọ̀ pọ̀ ju èyí tó kù lọ.

2. Ẹ sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ di ọ̀kan náà

Èyí kò le. Ẹ wá nọ́ńbà tó kéré jù tí àwọn ìsàlẹ̀ méjèèjì lè pín láìṣẹ́ kù. Fún 6 àti 8, 24 ni. Àwọn kan á kàn sọ 6 di ìlọ́po 8, wọ́n á rí 48. Kò burú, àmọ́ iṣẹ́ á pọ̀ sí i. Bí ọmọ bá ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, tó ní 1/2 + 1/3 jẹ́ 2/5, ẹ fi bébà hàn án: 6 àti 4 jẹ́ 10 nínú 12, ìyẹn 5/6. 2/5 kò tilẹ̀ tó ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀.

3. Bí òkè kò bá ká a, ẹ yá odidi kan

Ẹ jẹ́ ká wo aṣọ ọ̀pá 5 1/4 tí a gé ọ̀pá 2 2/3 kúrò lára rẹ̀. Ó di 5 3/12 dín 2 8/12. 3 kò ká 8. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan á yí i padà, wọ́n á yọ 3 kúrò nínú 8, wọ́n á ní 3 5/12. Àwọn mìíràn á yá 10 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú nọ́ńbà lásán, wọ́n á ní 13 dín 8, ìdáhùn wọn á jẹ́ 2 5/12. Odidi kan tí a yá níbí, 12/12 ni, torí 12 ló wà nísàlẹ̀. Ká ní 8 ló wà nísàlẹ̀, 8/8 là bá yá. Nítorí náà, 5 3/12 di 4 15/12. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìlà tirẹ̀, ẹ má kàn rò ó nínú orí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ 2 8/12: ó ku ọ̀pá 2 7/12.

4. Ẹ dá a padà

Ẹ ro 2 7/12 mọ́ 2 8/12. Ó jẹ́ 4 15/12, ìyẹn 5 3/12, tí í ṣe 5 1/4 tí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá bá a mu, ẹ kọ́kọ́ padà sí ìlà tí ẹ ti yá odidi. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìdáhùn ní gbólóhùn: "Aṣọ tó kù jẹ́ ọ̀pá 2 7/12." 2 7/12 nìkan kò tó, torí kò sọ bóyá ọ̀pá ni tàbí kóńgò.