Ẹ má ta ọfà sí Rex nígbà tí odó yín ṣì gbẹ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ARK

Agogo mọ́kànlá òru ọjọ́ Ẹtì ni fóònù mi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Àyà mi já, mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé wọn. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Bọ̀dá mi, Rex ti jẹ mí. Ó jẹ Parasaur mi náà. Ilé tí mo kọ́, ó ti wó o palẹ̀."

Ọmọ yìí fi owó tó yẹ kó fi jẹun ra dátà fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì kí ARK: Survival Evolved, géèmù tí a ti ń mú àwọn ẹranko ayé àtijọ́ sìn, tó wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tán. Ó tún ra máàpù mẹ́ta mọ́ ọn, ìyẹn àwọn ayé mìíràn tí a lè gbá géèmù náà nínú wọn. Ọjọ́ kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọrun àti ọfà olóògùn mẹ́jọ, ó lọ dojú kọ Rex, ẹranko ńlá tó ń jẹ ẹran. Mo ní, "Oògùn oorun mélòó ló wà lápò rẹ?" Ó ní kò sí. "Ẹran ńkọ́?" Ó ní ó di ìgbà tí ẹranko náà bá sùn kí òun tó wá ẹran lọ.

Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Láti 2017 tí géèmù yìí ti jáde tán ni mo ti ń gbá a, àwọn tí mo ti rí tí wọ́n ṣe irú èyí kò lóǹkà: wọ́n á náwó, wọ́n á fi òru ṣe ọ̀sán, ẹranko kan á jẹ gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì pa géèmù náà rẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ń dùn mí, nítorí géèmù tó dára ni. Bí wọ́n ṣe ń gé igi, tí wọ́n ń fọ́ òkúta, tí wọ́n ń dáná, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó ń jẹ yín lówó àti lákòókò ni mo fẹ́ bá yín wí lé lórí.

1. Ríra máàpù tí ẹ kò tíì nílò. The Island tó bá géèmù náà wá tó yín í gbá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú Survival Evolved, ọ̀fẹ́ ni The Center, Ragnarok, Valguero àti Crystal Isles. Scorched Earth, Aberration àti Extinction wà lára àwọn tí wọ́n ń tà, àwọn yìí gan-an ni àwọn tuntun sì máa ń sáré rà. Aṣálẹ̀ ni Scorched Earth, òùngbẹ á pa yín kí ẹranko tó pa yín. Aberration wà lábẹ́ ilẹ̀, kò sí ẹyẹ tí ẹ lè gùn níbẹ̀. Kí ni ẹni tí kò tíì lè sin Dodo, ẹyẹ tí kò lè fò, fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Tí ẹ bá sì kó gbogbo máàpù jọ, ó ju gígábáìtì 100 lọ. Ẹ ro iye tí dátà náà jẹ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

2. Kíkọ́ ilé síbi tí ẹ bá ti jí. Gúúsù erékùṣù náà ni kí ẹ yàn, létí òkun. Lápá gúúsù sí ìlà-oòrùn, erékùṣù kékeré kan wà tí àwọn tó ń gbá a ń pè ní Herbivore Island, ẹranko ajẹwéko ló kún orí ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ṣẹ́. Ilé koríko kì í ṣe ilé, òkúta ni kí ẹ tètè máa lépa.

3. Ẹ má jẹ èso dúdú tí wọ́n ń pè ní Narcoberry, oorun á gbé ẹ̀yin náà lọ sínú igbó. Ẹ má wẹ odò kọjá nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ yá, Megapiranha, ẹja tó ń jẹ ẹran, kì í dá nìkan rìn. Ẹ má dúró gbagidi níwájú Dilophosaur, itọ́ rẹ̀ ń bo ojú, ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ń sá lọ.

4. Títa ọfà kí ẹ tó palẹ̀ mọ́. Èyí ló mú mi kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀. Ìpele 21 ló wà lọ́jọ́ náà. Gàárì Rex kò ṣeé kọ́ títí ẹ ó fi dé ìpele 74. Bó tiẹ̀ ṣe é tó yege, kò lè gùn ún. Gàárì Parasaur ń bọ́ sọ́wọ́ yín ní ìpele 9, ti Trike ní 16, ti Raptor ní 18, ti Pteranodon tó ń fò ní 38, ti Argentavis, ẹyẹ ńlá, ní 62. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà nìyẹn. Parasaur kì í bá yín jà, sísá ló ń sá, èso ló sì ń jẹ. Trike á máa já èso fún yín, títí kan Narcoberry tí ẹ ó fi po oògùn. Ìgbà tí ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ Rex, ọwọ́ yín á ti mọ́ iṣẹ́.

Wàyí o, oògùn. Ẹranko tó bá ti ṣubú, ohun méjì là ń ṣọ́ lára rẹ̀: oorun rẹ̀ àti ebi rẹ̀. Oorun ń fò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tó bá tán, ó dìde nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí ló sì máa kọ́kọ́ rí. Oògùn oorun ni ẹ ó máa fún un kó má baà jí. Inú odó la ti ń gún un: Narcoberry márùn-ún àti ẹran jíjẹrà kan ló ń di oògùn kan. Oògùn kan ń fi 40 kún oorun ẹranko, èso kan péré ń fi 7.5 kún un. Èso máa ń bàjẹ́ lápò, oògùn gígún kì í bàjẹ́, torí náà ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gún un láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Ẹran jíjẹrà ló máa ń wọ́n àwọn tuntun, wọ́n á kó ogójì ẹran papọ̀ sójú kan, wọ́n á máa retí kó rà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń rà lára òkìtì. Ẹ pín in sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí, gbogbo rẹ̀ á rà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀tàn kékeré yìí ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ ìyà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Mo jẹ ìyà náà. Ní 2018, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi wà lórí sáfà kan, ìyẹn ayé kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń gbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí abo Rex kan, ìpele 140, pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dúró létí odò. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: tí ẹ bá sin ín láìsí àléébù, ìdajì ìpele rẹ̀ ló máa gbà kún un, ó di 210. Mo mú àkàtàm̀pó mi, mo gorí àpáta, mo ta á títí ó fi wó lulẹ̀ gbì. Ọgbọ̀n oògùn ló wà lápò mi, mo sì rò pé ó pọ̀. Mo dúró tì í, mo ń fi ẹran sí i nínú. Kò tíì dé ìdajì tí iná fi lọ ládùúgbò wa. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo sáré lọ sílé epo lẹ́sẹ̀.

Lórí sáfà, tí ẹ bá jáde, ara yín kò jáde o. Ó wà níbẹ̀, ó sùn sílẹ̀ níbi tí ẹ fi í sí. Ibi tí mo fi tèmi sí ni ẹ̀gbẹ́ orí Rex tí oorun ń fò lójú rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, etí òkun ni mo ti jí, ìhòòhò. Àkàtàm̀pó ti lọ. Raptor tí mo ti ń gùn láti ọjọ́ kìíní, tí mo fi sílẹ̀ sí ìdí igi nítòsí ibẹ̀, òun náà ti kú. Raptor yẹn ló dùn mí jù. Mo ti fún un lórúkọ.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ta ọfà kan sí ẹranko ńlá tí mi ò kọ́kọ́ ka ohun tó wà lápò mi: oògùn, oúnjẹ, epo jẹnẹrétọ̀. Bí batiri invata bá ti ń dínkù, mo fi Rex sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọfà. Ọfà olóògùn kì í múni sùn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ lára ẹranko fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àwọn tuntun kò mọ̀, wọ́n á máa ta á léraléra bí ẹni tí ogun ká mọ́lé. Ẹranko ọ̀hún á kú dípò kó sùn, pàápàá èyí tí ìpele rẹ̀ kéré, tí ẹ sì ń ta lórí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ẹ ta ẹyọ kan, ẹ ka ení títí dé àrún, kí ẹ tó ta òmíràn. Tó bá kẹ́yìn sí yín tó ń sá lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oorun ló fẹ́ gbé e. Ẹ tẹ̀ lé e, ẹ má rọ̀jò ọfà lé e lórí.

Ẹ kọ́ pàkúté. Ọgbà òkúta ni, àtẹ̀gùn wà níwájú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tóóró wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí Rex lé yín gun àtẹ̀gùn, kó já sínú ọgbà, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà tí ara rẹ̀ kò lè gbà sá jáde. Rex ń wó igi, kò lè wó òkúta. Ẹ wá dúró síta, kí ẹ máa ta á ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Bó bá sùn tán, ògiri yẹn kan náà ni kò ní jẹ́ kí Raptor inú igbó wọlé wá jẹ ẹ́. Ẹranko tó bá farapa lójú oorun, iyì rẹ̀ ń wálẹ̀, ìpele tó yẹ kó gbà kún un á dínkù. Mo ti rí ẹnìkan tó fi Raptor tirẹ̀ gan-an sílẹ̀ láìdá a lẹ́kun, Raptor náà sì gé Trike tí onítọ̀hún ń sìn jẹ. Kí ẹ tó ta ọfà àkọ́kọ́, ẹ yípo ibẹ̀, ẹ pa ohunkóhun tó ń jẹ ẹran, ẹ sì fi súfèé dá tiyín lẹ́kun.

Oúnjẹ náà ń dín iyì kù. Gbogbo ìgbà tí ẹranko bá bu nǹkan jẹ ni iyì ń wálẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ tó dára fi ṣe pàtàkì: ó ń jẹ ẹ́ nígbà díẹ̀, ó sì ti di tiyín. Kibble tí wọ́n ń fi ẹyin sè ló dára jù. Ìpele mẹ́fà ló ní, Exceptional sì ni ti Rex. Tí ẹ kò bá ní in, ẹran Ovis, ìyẹn àgùntàn inú géèmù náà, ló kàn. Ẹran lásán á mú un, ṣùgbọ́n ó pẹ́, ó sì ń ba iyì jẹ́. Mo tún máa ń jẹ́ kí ebi pa á dáadáa ná, oògùn nìkan ni mo ń fún un. Nígbà tí ebi bá ti wọ̀ ọ́ lára, mo kó oúnjẹ fún un lẹ́ẹ̀kan, á máa jẹ ẹ́ tẹ̀ lé ara wọn. Tí nǹkan bá bàjẹ́ kí n tó kó oúnjẹ náà sílẹ̀, oúnjẹ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mélòó la fẹ́ kà nínú eyín Adépèlé? Ẹ má fi Pteranodon sọdá òkun láìwo agbára tó kù fún un, tó bá rẹ̀ ẹ́, ó ń bọ̀ nílẹ̀ ni. Ẹ má sin Giganotosaurus nítorí ìwúrí: tí wọ́n bá ṣe é léṣe púpọ̀, inú á bí i, á gbé yín sọ sílẹ̀, á sì dojú kọ gbogbo ohun tó wà láyìíká, títí kan àwọn tiyín. Tí ẹyin bá pa, ọwọ́ ni kí ẹ fi máa kó ẹran sínú àpò ọmọ náà títí yóò fi dàgbà dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kò tíì lè jẹun nínú ọpọ́n. Ọ̀pọ̀ ló ti fi ọmọ Rex sílẹ̀ lọ jẹun alẹ́, òkú ni wọ́n padà bá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá gbá a nílé, ẹ lọ sínú ètò géèmù náà, kí ẹ sọ ìwọ̀n bí ẹranko ṣe ń yára di ọ̀sìn di púpọ̀. Àwọn kan ń sọ pé ìwà ojo ni. Ẹni tí iná kì í wà fún wákàtí mẹ́ta pọ̀ kò lè jókòó ti ẹranko kan láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀.

Lánàá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Ó ti kó lọ sí Herbivore Island. Trike kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gàárì, odó méjì wà níwájú ilé òkúta, àpótí kan kún fún ẹran tó pín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mo ti gún méjìlélógójì. Ṣé ó tó fún Raptor?" Mo ní ó tó. Mo ní kó wo epo jẹnẹrétọ̀ kó tó jáde nílé.