Bí a ṣe ń tún ilé ṣe kí ẹsẹ̀ àgbà lè padà bọ̀ sípò

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu Bàámi, ọsibítù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé agboolé wa n'Ílọrin, ìjókòó ni wọ́n tún jókòó sí. Ẹsẹ̀ kọ́ ló kọ̀, ilé ni kò gbà wọ́n láyè. Àga pálọ̀ rẹlẹ̀ jù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn, ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Bí àgbà yín bá ń ti ọsibítù bọ̀, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ fúnra yín rin ọ̀nà láti ibùsùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òru ni kí ẹ rìn ín, kí ẹ sì máa wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Gbogbo ibi tó bá ti kọ́ yín lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Etí ẹní àti wáyà jẹnẹrétọ̀ ló kọ́ mi lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú ìdènà síméńtì ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. A kó ẹní àti wáyà kúrò, bíríkìlà sì sọ ìdènà náà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi iná oníbátìrì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbójú lé NEPA.

Àga onígi tó ní apá ni kí ẹ wá. Bí wọ́n bá jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí orúnkún má ga ju ìbàdí lọ. Bí ibùsùn náà bá rẹlẹ̀, káfíńtà lè fi igi gbé e sókè.

Ọwọ́ tó wà níhà ẹsẹ̀ tó yá ni wọn yóò fi di ọ̀pá mú, orí ọ̀pá kò sì gbọdọ̀ ga ju ọrùn ọwọ́ lọ bí apá bá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ẹsẹ̀ tó yá ló ń kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn, èyí tó rọ ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù. Ọṣẹ máa ń mú kí síméńtì yọ̀ bí ilá, nítorí náà ojoojúmọ́ ni a ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ ri irin mọ́ ògiri fún dídìmú, ẹ gbé àpótí ìjókòó tó wúwo síbẹ̀, torí àga oníke máa ń yọ̀. Ti àlùwàlá náà wà ńbẹ̀: Bàámi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lọ́jọ́ kan níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ gbé bùtà nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí àpótí ni bùtà ń wà, wọ́n ń jókòó ṣe àlùwàlá, wọ́n sì ń kírun lórí àga. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè bẹ́ẹ̀.

Èyí tó le jù ni àwa ọmọ. Ìfẹ́ ló ń jẹ́ ká máa gbé omi, oúnjẹ àti rédíò bá wọn lórí ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tí a kò lò, ńṣe ló ń rọ sí i. Mo gbé omi mímu wọn sórí tábìlì tó jìnnà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi náà sì wà nítòsí. Ó dùn mí lọ́kàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, mo gbé àga kejì sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti máa ń ṣeré lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Ohùn àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló ń gbé wọn dìde ju ẹ̀bẹ̀ tèmi lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí fisiọ́, ìyẹn oníṣègùn tó ń tọ́jú iṣan àti ìrìn wọn, bá ti fọwọ́ sí i, mo ń sún àga náà síwájú díẹ̀.