Bí Ẹ Ṣe Lè Fi AI Ya Àwòrán Àdìrẹ Tó Ṣeé Gé Sí Páànù

Ẹ mú bébà àti bírò ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Ẹ ya ohun tó wà lọ́kàn yín, ì báà rí wúruwùru, kí ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí AI. Ẹni tó bá kàn tẹ "ya àdìrẹ fún mi" sí i, àwọ̀ tí kò sí nínú ìkòkò aró kankan ni yóò rí gbà. Ohun témi máa ń kọ sí i ni pé dúdú àti funfun nìkan ni mo fẹ́, kí àwọ̀ eérú má sí níbẹ̀ rárá, kí ìlà má sì tín-ín-rín. Orúkọ bátànì nìkan ò tó. Mo ní kó ya Ìbàdàndùn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló gbé fún mi. Ìgbà tí mo ṣàlàyé òpó Gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí àárín wọn fún un ló tó yé e.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ rèé. Ojú ibi tí ẹ bá gé lára páànù ni ẹ̀kọ láfún tí a fi ń ṣe àdìrẹ ń gbà bọ́ sórí aṣọ, aró kì í sì í mú ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Funfun lẹ ó gé nìyẹn, dúdú ni páànù tó kù, gbogbo dúdú náà sì gbọ́dọ̀ so mọ́ra. AI ò mọ̀yẹn. Á ya ẹyẹ tó rẹwà, á fi ẹyinjú dúdú sáàárín funfun; ẹ gé e tán, ẹyinjú já bọ́, ẹyẹ fọ́jú. Ojú mi ni ọmọṣẹ́ kan ṣe fi odindi ọjọ́ gé ẹja, tí ìpẹ́ rẹ̀ ń dà sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀gúsí.

Ẹ má bẹ AI pé kó tún un ṣe o. Bó bá tún ojú ṣe, á yí ìrù padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi ìka tọ dúdú kọ̀ọ̀kan dé etí. Èyí tí ìka ò bá lè dé láìkọjá lórí funfun, ẹ fi bírò pupa ya afárá fún un, kó fẹ̀ tó igi ìṣáná. Méjì ni mo máa ń ya, ọ̀tún àti òsì, torí pé ẹyọ kan á tẹ̀ tí ẹ bá ń fá ẹ̀kọ lórí rẹ̀.

Tí páànù bá wọ́n, fíìmù X-ray àtijọ́ dára. Abẹ tuntun ni kí ẹ fi gé e. Ẹ̀kọ títẹ̀ àti aró rírẹ, ẹ ti mọ̀yẹn. Ẹ ṣáà fọ páànù kó tó gbẹ. Bí ẹ̀kọ bá ti gan mọ́ ọn, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, afárá ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́.