Bí a ṣe lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú orin rọ́ọ̀kì tí ó dá lórí ìfẹ́ tí àwùjọ kò fọwọ́ sí

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ẹ̀pẹ́ ni ó ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì lórí fóònù wọn báyìí, àwọn tí mo sì ń bá ka lítíréṣọ̀ nínú wọn a máa bi mí léèrè bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tí irú orin bẹ́ẹ̀ ń sọ, pàápàá nígbà tí ìfẹ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹnu máa ń kùn sí: ìfẹ́ sí aya ẹlòmíràn, ìfẹ́ láàárín àwọn tí ẹ̀sìn yà nípa, tàbí ìfẹ́ tí ẹnì kan ń dá ṣe láìsí ìdáhùn. Ọ̀nà wà, ẹni tí ó bá sì dàgbà sí ìdí wákà àti sákárà ti rìn dé ìdajì ọ̀nà náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Agbègbè Ẹ̀pẹ́ yìí náà ni Salawa Abeni, olórin wákà, ti wá. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ wákà mọ̀ pé olórin lè máa kí ẹnì kan kí ó sì máa bá ẹlòmíràn wí, ó sì mọ̀ pé kí á tó mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ kan, ó yẹ kí á mọ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí. Etí yìí kan náà ni orin rọ́ọ̀kì ń béèrè.

Orin kan ṣoṣo ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé orin kan tí a yẹ̀ wò dé ìsàlẹ̀ ń kọ́ni ju mẹ́wàá tí a gorí rẹ̀ kọjá lọ. Orin náà ni «Layla», èyí tí ẹgbẹ́ olórin Derek and the Dominos gbé jáde ní ọdún 1970. Orúkọ Eric Clapton, onígìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Jim Gordon, onílù ẹgbẹ́ náà, ni ó wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣe é, Clapton ni ó sì kọ ọ́ lórin. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan ń bẹ obìnrin kan tí kì í ṣe tirẹ̀. N kò ní kọ ọ̀rọ̀ orin náà síhìn-ín. Ẹ wá a, kí ẹ sì gbé e síwájú yín bí ẹ ṣe ń ka ìtọ́sọ́nà yìí.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbì kankan. Ẹ fi íápíìsì sí etí, nítorí pé ariwo ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ ohùn akọrin. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kódà bí àlàfo bá pọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó lọ wo ọ̀rọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi méjèèjì wé ara wọn. Àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ orin síbẹ̀ a máa ṣì í gbọ́ nígbà mìíràn, ẹni tí kò bá sì ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ yóò wulẹ̀ máa túmọ̀ àṣìgbọ́ ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wà lórí ìwé, ẹ bi ara yín pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ta ni wọ́n mẹ́nu kàn tí kò sí níbẹ̀, ta sì ni kò fọhùn? Nínú «Layla», ọkùnrin kan ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ọkọ obìnrin náà kò sí níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ọ̀rọ̀ kàn án. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu ẹni tí ó ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ.

Ẹ wá mú ẹsẹ orin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè ni ẹsẹ àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀: ọkùnrin náà fẹ́ mọ ohun tí obìnrin náà yóò ṣe nígbà tí ó bá dá wà, tí kò ní sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dùn létí bí ọ̀rọ̀ ẹni tí àánú ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Kò sí ohun kan nínú orin náà tí ó fi hàn pé obìnrin yìí dá wà. Ọkùnrin náà ni ó ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fún un. Ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn ni, ìhàlẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, pé bí o kò bá gbà fún mi báyìí, ìwọ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti ń sá, tí ó ti ń fara pa mọ́, àti pé ìgbéraga lásán ni ó fà á.

Ibí yìí ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ dúró sí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni orin náà ti ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀. Sísá àti fífara pamọ́ ni ìṣe tí a rí tí obìnrin yìí ṣe nínú gbogbo orin náà, ẹni tí ó sì ń sá fún ni ó sọ fún wa ìdí tí ó fi ń sá. Ó pè é ní ìgbéraga. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tí ó ń sá fún ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ lè ní ìdí púpọ̀: ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí ó ti jẹ́, ó lè jẹ́ ẹnu ayé ni ó ń bẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ pé kò fẹ́ ẹ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí wúlò fún orin ìfẹ́ ju bí ó ti wúlò ní ààfin lọ, nítorí pé ní ààfin wọn yóò ránṣẹ́ pe ẹnìkejì, orin kì í ránṣẹ́ pè é. Ẹ gba ohun tí ọkùnrin náà sọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó gbàgbọ́. Ẹ má ṣe gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹsẹ kejì padà sẹ́yìn láti sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ń tu obìnrin náà nínú nígbà tí ẹnì kan já a kulẹ̀, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé, tí ayé ọkùnrin náà sì dorí kodò. Gbólóhùn tí wọ́n fi pe ẹni tí ó já a kulẹ̀ náà ni ó máa ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà, nítorí pé bí a bá mú un bí ó ṣe wà lórí ìwé, ọkùnrin arúgbó ni, wọn a sì rò pé bàbá obìnrin náà ni. Ní èdè ìgboro àwọn tí ó ni orin, ọkọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fi bàbá sí ipò ọkọ ti yí gbogbo orin náà padà, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ti pòórá.

Ẹsẹ kẹta ni ẹ̀bẹ̀ tí ó kẹ́yìn: kí wọ́n wá ọ̀nà gbé e gbà kí orí tó dàrú mọ́ òun lọ́wọ́, kí obìnrin náà má sì sọ pé asán ni ìfẹ́ òun. Kò tún sí ìhàlẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Láti ẹsẹ kìíní dé ẹsẹ kẹta, agbára ti ń tán lára ọkùnrin yìí.

Ègbè ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. Níbẹ̀, ó ń pe orúkọ obìnrin náà léraléra, ó sọ pé òun wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì ń bẹ̀bẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọkùnrin tí ó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ dé góńgó a máa dọ̀bálẹ̀ ni. Obìnrin ni ó ń kúnlẹ̀. Nítorí náà ọmọ Ẹ̀pẹ́ lè rò pé akọrin náà ti gbé ipò ọkùnrin sílẹ̀ pátápátá. Láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin a máa kúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́run nígbà àdúrà, a máa kúnlẹ̀ níwájú ọba, a sì máa kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tí ó bá fẹ́ fi ṣe aya. Ègbè yìí lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí àwítúnwí náà pẹ̀lú. Nínú àwọn ẹsẹ, ọkùnrin náà ń ro ẹjọ́. Nínú ègbè, kò ní ẹjọ́ kankan láti rò mọ́, orúkọ nìkan ni ó kù lẹ́nu rẹ̀.

Orúkọ náà kì í ṣe orúkọ lásán. Àwọn tí ó lọ sí ilé kéwú dáadáa lè ti gbọ́ ìtàn Layla àti Majnun, ìtàn àwọn Lárúbáwá tí Nizami, akéwì èdè Páṣíà, sọ di ewì gígùn ní nǹkan bí ọdún 1188. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Qays fẹ́ràn Layla títí àwọn èèyàn fi ń pè é ní Majnun, ìyẹn wèrè, bàbá ọmọbìnrin náà kọ̀, ó fi í fún ẹlòmíràn, Qays sì ń bá àwọn ẹranko gbé nínú aginjù. Nígbà tí orin bá yá orúkọ láti inú ìtàn àtijọ́, ẹ má ṣe dúró sí ibi tí méjèèjì ti jọra. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ wà. Nínú ewì Nizami, bàbá ni ó yà wọ́n nípa, àánú àwọn méjèèjì sì ṣeni. Nínú orin rọ́ọ̀kì yìí, kò sí bàbá tí ó fi tipátipá fa ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n akọrin náà ti fi orúkọ náà gba àánú tí ó jẹ́ ti Qays. Qays lọ sínú aginjù. Ọkùnrin inú orin yìí kò lọ síbì kankan. Ẹnu ọ̀nà ni ó wà tí ó ń kànkùn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ padà sí ìró. Gìtá ni ó ṣáájú, ó ń ké lókè bí ẹni tí kò ráyè mí, Duane Allman sì wà lára àwọn tí ó ta á. Nígbà tí orin bá ti lọ tó ìṣẹ́jú 3, ó yí padà: píánò wọlé, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́ fún bí ìṣẹ́jú 4 títí ó fi parí. Èyí túmọ̀ sí pé ó ju ìdajì orin náà lọ tí kò ní ọ̀rọ̀ rárá. Àwọn kan gbọ́ ìtura nínú apá yìí. Lójú tèmi, ẹ̀bẹ̀ ti parí, èsì kò dé, orin náà sì dúró ń retí rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ èyí tí Clapton tún kọ ní ọdún 1992 pẹ̀lú gìtá tí kò lo iná. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ó fà á jẹ́jẹ́, apá ìkẹyìn tí kò ní ọ̀rọ̀ náà kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tí ó ń kígbe ní 1970 ti di àgbàlagbà tí ó ń rántí. Èyí tó láti fi yé yín pé ọ̀rọ̀ orin tí a kà lórí ìwé láìgbọ́ ohùn rẹ̀ kò tíì pé.

Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni kí ẹ wo ìgbésí ayé olórin, nítorí pé ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò máa wá òfófó kiri nínú ọ̀rọ̀ orin. Pattie Boyd ni obìnrin tí Clapton ń kọrin sí. Aya George Harrison, ọmọ ẹgbẹ́ olórin Beatles, ni láti ọdún 1966, Harrison sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Clapton tímọ́tímọ́. Boyd àti Harrison kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1977, ó fẹ́ Clapton ní 1979, ìgbéyàwó náà kò sì tọ́jọ́ títí. Ọdún 2007 ni obìnrin náà gbé ìwé tirẹ̀ jáde, tí ó sọ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́ orin náà, ohun tí ó wá sọ́kàn òun ni pé gbogbo èèyàn yóò mọ̀ pé òun ni. Ẹni tí kò fọhùn nínú orin ti fọhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kí sísá àti fífara pamọ́ inú ẹsẹ àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí ìgbéraga. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1979 kò lè ṣàlàyé ohun tí ẹnì kan ní lọ́kàn ní 1970, nígbà tí kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ òun yóò wọlé.

Ó kù sọ́wọ́ yín láti dájọ́. Fífẹ́ aya ọ̀rẹ́ ẹni jẹ́ ohun ìtìjú ní Ẹ̀pẹ́, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀ láìṣe àní-àní. N kò sọ pé kí ẹ gbé ìwà yín jù nù kí ẹ tó gbọ́ orin. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìdájọ́ tẹ̀lé òye, kí ó má ṣe ṣáájú rẹ̀, nítorí pé orin náà fúnra rẹ̀ mọ ìtìjú yìí: ní ẹsẹ kejì, ọkùnrin náà pe ara rẹ̀ ní òmùgọ̀. Ẹni tí ó bá ti bínú pa fóònù kí ó tó dé ibẹ̀ kò ní gbọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ìtumọ̀ yín sílẹ̀, ẹ rí i pé gbogbo ohun tí ẹ sọ ni ẹ lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹ ti rí i, ìbáà ṣe ìlà kan, àwítúnwí kan, tàbí ibi tí ohùn ti yí padà. Èyí tí ẹ kò bá lè tọ́ka sí, ẹ yọ ọ́. Ẹ má sì ṣe fi tipátipá dáhùn ohun tí orin kò dáhùn. Bí àpẹẹrẹ, «Layla» kò sọ fún wa bóyá obìnrin náà fẹ́ràn ọkùnrin yìí padà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ pé orin kò sọ ọ́, kí ẹ sì sọ àwọn ibi tí ẹ ti wá a tí ẹ kò rí i.