Bí mo ṣe gba ohùn Bàbá Gàbọ́ọ̀nù kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì 1977

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú àpótí ìyá bàbá mi ní Kétu, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, wọ́n fi àkísà funfun wé e wọ́n sì kó o sínú agolo bisikíìtì. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé lẹ́tà Bàbá Gàbọ́ọ̀nù ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Gàbọ́ọ̀nù, télọ̀ ni wọ́n, Libreville, olú-ìlú Gàbọ́ọ̀nù, ni wọ́n ti ń ránṣọ títí ìjọba ibẹ̀ fi lé àwa ọmọ orílẹ̀-èdè Benin jáde lọ́dún 1978. Ìyá àgbà ò mọ̀wé, Bàbá Gàbọ́ọ̀nù náà ò sì fẹ́ máa wá akọ̀wé tó máa bá wọn kọ lẹ́tà ilé, wọ́n á kàn sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé.

Ohun tó jẹ́ kí n dìde sí i ni pé àbúrò mi kan sọ pé voice note, ìyẹn ohùn tí a ń gbà sínú fóònù fi ránṣẹ́, ìran tiwọn ló mọ̀ ọ́n lò, àwọn àgbà ń kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn ni. Mo ní rárá o. Lóòótọ́ 2013 ni WhatsApp gbé e dé, ṣùgbọ́n ọdún 1963 ni Philips ti ṣe kásẹ́ẹ̀tì jáde, àwọn èèyàn wa tó wà ní Abidjan àti Libreville sì ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sílé kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ fóònù alágbèéká. Mo ní màá fi hàn án. Bí mo ṣe gba agolo yẹn lọ́wọ́ bàbá mi nìyẹn, mo gbé e wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbi tí mò ń gbé.

Tí ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kánjú kì í bọ inú rédíò. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Téèpù yẹn ò fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin, ó tín-ín-rín, tó bá há ó ti tán nìyẹn. Ní àárín ẹnu kásẹ́ẹ̀tì, fóòmù kékeré kan wà lórí irin pẹlẹbẹ, òun ló máa ń ti téèpù mọ́ orí tó ń ka ohùn, tí kò bá sí, ohùn á máa lọ á máa bọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Fóòmù tiwa ti já bọ́. Mo wá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan, mo fi irin kékeré táwọn atúnfóònùṣe ń lò tú nọ́ọ̀tì márààrún, mo yọ fóòmù tibẹ̀, mo fi rọ́pò. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ ò ní gbà gbọ́.

Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ló kù. Ọjà Ouando ni mo ti rí i, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù àlòkù, ó pè é ní 10,000 sẹ́fà, a ná an títí ó fi gba 6,000. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́, ó ń kùn ṣùgbọ́n kò yí. Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe, wọ́n ṣí i, rọ́bà tó ń yí i ti yọ́ bí ọ̀dà, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo inú ẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé irú èyí wá bá mi o, kí lo fẹ́ fi ṣe?” Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn náà gba irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ rí láti Abidjan, àwọn ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Rọ́bà tuntun, 1,500. Àwọn ni wọ́n sọ fún mi pé kí n ra àlùkóòlù 90 nílé òògùn, kí n fi òwú nu orí rédíò náà kí n tó fi nǹkan kan sí i. Òwú yẹn jáde ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo nù ún kó tó mọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì wáàsí kan ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, nígbà tí mo rí i pé kò jẹ téèpù, mo wá fi tiwa sí i. Mi ò tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ o, mo kọ́kọ́ jẹ́ kó sáré lọ dé òpin kó sì sáré padà, torí téèpù tó ti wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo ki wáyà bọ ihò tí wọ́n ń fi gbọ́ ọ létí, mo fi orí kejì bọ kọ̀ǹpútà, mo ṣí Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bátìrì ni mo fi sínú rédíò, mi ò lo iná, torí iná máa ń kùn wọnú ohùn. Ẹ má gbé ohùn sókè jù, tí ìlà tó ń fò nínú kọ̀ǹpútà bá ti ń kan òkè kan ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń fọ́ nìyẹn, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́. Ojú kan kásẹ́ẹ̀tì tiwa jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ máa jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ojú kọ̀ọ̀kan tó MB 159 ní WAV, ìyẹn fáìlì ohùn tí a ò tíì fún pọ̀, nígbà tí mo sọ ọ́ di MP3 tí wọ́n ti fún pọ̀, ó wá sí bíi 14, ìyẹn ló ṣeé fi ránṣẹ́.

Nǹkan ta “kọ́” lẹ́ẹ̀kan, òjò ń rọ̀ lórí páànù, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde.

“Òní ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta, ọdún 1977. Èmi ọmọ yín ni mò ń sọ̀rọ̀ láti Libreville. Màámi, mo kí yín o.”

Mo mọ Bàbá Gàbọ́ọ̀nù ní arúgbó kí wọ́n tó papò dà, mi ò mọ̀ wọ́n ní ohùn yẹn rí. Wọ́n ń pe ilé ní Dàhòmì, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kọkànlá 1975 ni orúkọ ti yí padà sí Benin. Wọ́n kí gbogbo ilé níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì, ìkíni nìkan gba ìṣẹ́jú méjìlá nínú ọgbọ̀n. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́ lórí rédíò pé ìbọn dún ní Kútọnu. Ìyẹn àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kìíní 1977, tí Bob Denard, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, kó àwọn ọmọ ogun alágbàṣe balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú láti wá gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Kérékou, tí kò bọ́ sí i fún wọn. Ibi tó le sí ni pé láti Gàbọ́ọ̀nù ni bàálù wọn ti gbéra. Ẹ wo ẹni tó ń jẹun nílùú yẹn. Wọ́n ní, “Àwa tí a wà níbí, a ò pariwo mọ́.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n yí ọ̀rọ̀ sí iye tí aṣọ di.

Ibi tí mo fẹ́ẹ́ ti ba nǹkan jẹ́ rèé. Nínú Audacity, mo rí i pé láwọn ibì kan ìlà náà á dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, márùn-ún, kò sí ọ̀rọ̀, òjò nìkan. Mo rò pé wọ́n ń ronú ni, àbí téèpù ti kú níbẹ̀. Audacity ní ohun kan tó máa ń gé gbogbo ibi tó bá dákẹ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti ṣí i, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo tún un gbọ́. “Màámi, ṣé ara yín le?” Ìdákẹ́. “Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?” Ìdákẹ́. “Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́.”

Mo pe bàbá mi ní Kétu. Wọ́n ní, “Ìyá mi máa ń dá a lóhùn ni. Tó bá ti bèèrè, a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ìyá mi á ní ‘ara le, ọmọ mi, ẹsẹ̀ ti fúyẹ́’, òun náà á wá dúpẹ́. Ó mọ bí ìyá mi ṣe máa ń pẹ́ dáhùn.”

Mi ò gé nǹkan kan. Àbúrò mi tí mo fi ránṣẹ́ sí fẹ́ máa fi ìlọ́po méjì gbọ́ ọ, bí a ṣe ń fi voice note sáré láti 2021, mo bẹ̀ ẹ́ pé tèyí, kó jẹ́ kó máa lọ bó ṣe ń lọ. Èmi fúnra mi ti ń dúró díẹ̀ báyìí tí mo bá ti bèèrè àlàáfíà bàbá mi lórí voice note.

Ojú kejì ò pé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré, tí Bàbá Gàbọ́ọ̀nù ń pín ẹrù: “Aṣọ aláró méjì, ti Màámi ni. Bàtà dúdú, ti Àkànní. 5,000, ẹ fi ra páànù. Èyí tó kù...” Orin ló bọ́ síbẹ̀, orin rédíò, títí dé òpin. Ẹnì kan nínú ilé ti gba orin lé e lórí. Ike kéékèèké méjì ló máa ń wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, tí ẹ bá ti ṣẹ́ wọn, rédíò ò ní gbà láti gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́ tiwa. Ó dùn mí gan-an, n kò tíì gbà á tán.

Ọjọ́ Sátidé mo gbé e lọ sí Kétu. Bàbá mi, tí wọ́n ń pè ní Àkànní nínú téèpù, àti Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé fóònù sórí àpótí. Nígbà tó dé ibi tí orin ti ń bọ̀ mo sáré pa á, mo ní, “Ẹ má bínú Ìyá, ibẹ̀ ló mọ.”

Ìyá Àṣàkẹ́ ò wo ojú mi. Wọ́n di ojú wọn, wọ́n ń bá a lọ, pẹ̀lú ohùn ẹ̀gbọ́n wọn gan-an: “Èyí tó kù, ẹ fi san owó ilé-ìwé Àkànní. 500, kí Àṣàkẹ́ fi ra gèlè. Ẹ má gbàgbé ìyá ọlọ́ṣẹ lójúde, 200 ni tiwọn, mo jẹ wọ́n kí n tó lọ. Ṣé ẹ gbọ́?”

Wọ́n dákẹ́. Mo ti tẹ fóònù kejì kó máa gbà á sílẹ̀.

Bàbá mi ní, “A gbọ́.”